ÈBÚTÉ ÉFÉSÙ TÍ ẸRẸ̀ DÍ

Ẹ kà: Ìfihàn 2:1-7, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 19 àti 20:17-38.



Ìwé kúkurú tí Olúwa wa fi rán Jòhánù ìránṣẹ́ Rẹ̀ sí ìjọ Éfésù jẹ́ èyí tí a ti gbọ́ kà nígbà púpọ̀ nínú ilé Ọlọ́run. Ohun tí ó ba ni lẹ́rù jùlọ nínú rẹ̀ ni ìkìlọ̀ nípa ọ̀pá fìtílà, pé a lè ṣí i kúrò ní ipò rẹ̀ bí ìjọ náà kò bá ronúpìwàdà. Nínú oṣù yìí, ó wù wá láti mú yín rìn, ní ọkàn, dé ibi tí ìlú Éfésù wà rí, kí a wo ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú jáde níbẹ̀ láti nǹkan bíi 160 ọdún sẹ́yìn, kí a sì mọ ohun tí ó kan àwa náà nínú rẹ̀.

Éfésù wà ní ilẹ̀ tí Ìwé Mímọ́ ń pè ní Éṣíà, èyí tí ó jẹ́ ilẹ̀ Tọ́kì lónìí. Àwọn Gíríìkì tí wọ́n ré òkun kọjá wá ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó ní ìgbà láéláé, ní etí òkun, ní ibi tí odò Cayster gbé ń ṣàn wọ inú òkun. Ní nǹkan bíi 300 ọdún kí a tó bí Olúwa wa, ọba kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lysimachus ṣí ìlú náà sí àfonífojì tí ó wà láàárín òkè méjì, ní ẹ̀bá èbúté tí ó dára. Láti ibẹ̀ ni ọjà ti ń ti òkun wọ ilẹ̀, tí ó sì ń ti ilẹ̀ wọ òkun. Ìlú náà di ọlọ́rọ̀, ó sì di olókìkí. Tẹ́ńpìlì Díánà tí ó wà níbẹ̀, ẹni tí àwọn Gíríìkì ń pè ní Artemis, jẹ́ ọ̀kan nínú ohun ìyanu méje tí àwọn ará ìgbà nì ń kà. Ilé ìworan rẹ̀, èyí tí a gbẹ́ sí ara òkè, ń gba nǹkan bíi 25,000 ènìyàn. Níbẹ̀ gan-an ni àwọn ènìyàn gbé kígbe fún wákàtí méjì nítorí Díánà wọn, nígbà tí Démétríù alágbẹ̀dẹ fàdákà rí i pé ìwàásù Pọ́ọ̀lù ń ba òwò òun jẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé bí ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún méjì ni Pọ́ọ̀lù fi ń kọ́ni lójoojúmọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Tíránù. Àwọn tí wọ́n ti ń ṣe oògùn kó ìwé wọn jọ, wọ́n sì dáná sun wọ́n lójú gbogbo ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye owó wọn tó 50,000 owó fàdákà. Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú wọn, bẹ́ẹ̀ ni a kò dá owó náà lé wọn lórí. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì ń dágbére fún àwọn alàgbà wọn ní Mílétù, wọ́n rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n sì sọkún. Ìfẹ́ ìṣáájú nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kọjá. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò sí ẹni tí ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí tẹ́ńpìlì ńlá náà wà. Ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan, John Turtle Wood, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyàwòrán ilé, ti wá sí agbègbè náà nítorí àwọn ilé ìdúró ọkọ̀ ojú-irin. Ní ọdún 1863 ó bẹ̀rẹ̀ sí í walẹ̀ kiri láti wá tẹ́ńpìlì náà, ilé ìkóhun-àtijọ́-sí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí à ń pè ní British Museum, sì ràn án lọ́wọ́. Ó gbẹ́ ìhín, ó gbẹ́ ọ̀hún. Ọdún ń gorí ọdún, kò rí i. Níkẹyìn ó rí àkọlé gígùn kan lára òkúta nínú ilé ìworan. Àkọlé náà sọ nípa ọlọ́rọ̀ kan, Salutaris, ẹni tí ó fi àwọn ère wúrà àti fàdákà ta ìlú lọ́rẹ ní ọdún 104, tí ó sì pàṣẹ pé kí a máa gbé wọn láti tẹ́ńpìlì wá sí ilé ìworan, kí a sì máa gbé wọn padà. Ó dárúkọ àwọn ẹnu ibodè ìlú tí wọn yóò gbà kọjá. Wood rò ó nínú ara rẹ̀ pé, bí òun bá rí ẹnu ibodè, òun yóò rí ọ̀nà. Bí òun bá sì rí ọ̀nà, òun yóò dé tẹ́ńpìlì. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, ọdún 1869, ó kan ilẹ̀ òkúta mábù tẹ́ńpìlì náà, ní nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 20 lábẹ́ ẹrẹ̀. Ọ̀nà tí a ń gbé òrìṣà gbà ni ó tọ̀ títí ó fi dé ibojì òrìṣà.

Wood fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1874. Láti ọdún 1895 ni àwọn ará Ọ́stríà, tí Otto Benndorf ṣe olórí wọn nígbà náà, ti gba iṣẹ́ ìwalẹ̀ Éfésù, àwọn ni wọ́n sì hú èyí tí ó pọ̀ jùlọ jáde nínú ìlú náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun dá iṣẹ́ wọn dúró nígbà mìíràn. Ní ti tẹ́ńpìlì Díánà, ọwọ̀n kan ṣoṣo tí a fi àfọ́kù tò jọ ni ó dúró níbẹ̀ lónìí láàárín ilẹ̀ ẹrẹ̀, ẹyẹ àkọ̀ a sì máa tẹ́ ìtẹ́ rẹ̀ sí orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí jùlọ ni ohun tí a hú ní ìhà èbúté. Bí àlejò bá dúró ní iwájú ilé ìworan náà, yóò rí òpópónà gbígbòòrò kan tí a fi òkúta tẹ́, tí ó lọ tààrà sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí ó sì gùn tó nǹkan bíi ìdajì kìlómítà. Ọ̀nà èbúté ni, tí a fi orúkọ Késárì Arcadius pè, nítorí pé ní ìgbà tirẹ̀, ní nǹkan bíi ọdún 400, ni a tún un ṣe. Àkọlé kan tí a rí níbẹ̀ sọ pé 50 fìtílà ni ó wà nínú àwọn ìloro ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Ní ayé ìgbà nì, ìlú tí fìtílà ń tàn sí òpópónà rẹ̀ ní òru kò wọ́pọ̀. Ẹ ro bí inú atukọ̀ tí ó ti rẹ̀ yóò ti dùn tó nígbà tí ó bá gúnlẹ̀ ní òru, tí ó sì rí ìmọ́lẹ̀ tí ó tò lọ rẹrẹẹrẹ níwájú rẹ̀! Ṣùgbọ́n bí àlejò òde òní bá tọ ọ̀nà náà dé òpin rẹ̀, kì yóò rí ọkọ̀, kì yóò sì rí òkun. Àbàtà àti koríko ni yóò rí. Òkun ti kúrò níbẹ̀; ó ti jìnnà ju máìlì mẹ́ta lọ.

Ta ni ó lé òkun lọ? Ilẹ̀ mì ní Éfésù nígbà púpọ̀, ilé sì wó. Àwọn ọmọ ogun Gọ́tì wá ní ọ̀rúndún kẹta, wọ́n sì ba tẹ́ńpìlì jẹ́. Lẹ́yìn ìjàm̀bá wọ̀nyí, àwọn ará ìlú a tún gbé òkúta lé òkúta. Ọ̀tá tí wọn kò lè lé lọ ni èyí tí kò mú idà lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà òjò, odò Cayster ń gbé ẹrẹ̀ wá láti orí òkè àti láti inú oko. Àwọn ènìyàn ti gé igi, wọ́n ti dáko sí ẹ̀gbẹ́ òkè; ilẹ̀ tí kò ní gbòǹgbò tí yóò dì í mú sì ń bá àgbàrá lọ sí èbúté. Kò sí ọjọ́ kan tí ará Éfésù jí ní òwúrọ̀, tí ó sì wí pé, òní ni òkun fi wá sílẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ìṣáájú ṣe ń lọ kúrò nínú ọkàn ènìyàn àti nínú ìjọ. Ẹ padà lọ ka ìwé náà, ẹ ó sì rí i pé Olúwa kò fi ẹ̀sùn àgbèrè tàbí ti ìbọ̀rìṣà kan àwọn ará Éfésù. Ó yìn wọ́n fún iṣẹ́ wọn, fún làálàá wọn, fún sùúrù wọn, àti nítorí pé wọ́n dán àwọn olùkọ́ èké wò, wọ́n sì mọ̀ wọ́n ní èké. Ìjọ tí ó wà létòlétò ni. Àwọn fìtílà ń jó ní òpópónà. Ẹrẹ̀ ni ó ń kún ní èbúté.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun mẹ́ta nínú ìtàn èbúté yìí.

Èkínní, odi ọba Attalus. Strabo, ẹni tí ó kọ̀wé nípa ilẹ̀ ayé ní ìgbà tí a bí Olúwa wa, ròyìn pé Attalus ọba Págámù rí i pé èbúté Éfésù kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Ó rò pé bí a bá sọ ẹnu èbúté di tóóró, omi yóò jìn sí i. Ó pàṣẹ, a sì mọ odi sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n odi náà ṣe òdìkejì ohun tí a rò. Ṣáájú ìgbà náà, ìgbì òkun a máa wọlé, a sì máa gbá ẹrẹ̀ jáde. Nísinsìnyí odi dá ìgbì dúró, ẹrẹ̀ sì dúró sínú. Ẹ̀yin ará, ọba náà kò ní èrò búburú. Ǹjẹ́ kò sí irú odi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa? Àwa náà ti mọ odi kí ìjọ má bàa bàjẹ́: òfin lórí òfin, ìwé owó lórí ìwé owó. Ètò dára, ìjọ tí kò ní ètò kò lè pẹ́. Ṣùgbọ́n bí opó kan bá sọkún wá láti sọ pé ọkọ òun kú, tí ó sì jẹ́ pé ìwé owó ọkọ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ béèrè kí a tó bá a kẹ́dùn, odi wa ti dá ìgbì ìfẹ́ Ọlọ́run dúró ní ẹnu ọ̀nà, ẹrẹ̀ ọkàn wa sì ti dúró sínú.

Èkejì, eruku àwọn agékùúta. Ní ọ̀rúndún kejì, ní ìgbà ayé Késárì Antoninus Pius, baálẹ̀ tí Róòmù fi ṣe olórí ilẹ̀ Éṣíà, Antonius Albus, gbé òfin kan jáde, a sì ti rí òkúta tí a kọ ọ́ sí. Ó kọ̀ fún àwọn oníṣòwò igi láti máa to igi jọ sí èbúté, nítorí ìwúwo rẹ̀ ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ó sì kọ̀ fún àwọn tí ń fi ayùn rẹ́ òkúta láti máa ṣe iṣẹ́ wọn ní etí omi, nítorí eruku òkúta wọn ń dà sínú èbúté, ó sì ń dí i. Ẹ kíyèsí i pé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀tá ìlú. Láti ara èbúté náà ni wọ́n ti ń jẹun, òkúta tí wọ́n ń rẹ́ sì ni a fi ń ṣe ìlú lọ́ṣọ̀ọ́. Àwọn tí èbúté ń bọ́ ni wọ́n ń dí i. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ ju ẹlòmíràn lọ: àwa katikíìsì, ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin akọrin àti ẹ̀yin tí ń ka owó. Olùkọ́ lè kọ́ ọmọdé ní ìwé ìbéèrè àti ìdáhùn láìsí àṣìṣe kan, kí ó má sì mọ̀ pé ọmọ kan kò wá láti oṣù méjì sẹ́yìn, tàbí pé àìsàn ìyá rẹ̀ ni ó dá a dúró sílé. Akọrin méjì lè gbé ohùn sókè pọ̀ nínú orin kan náà, kí wọ́n má sì kí ara wọn ní ẹnu ọ̀nà. Ẹgbẹ́ lè bá ẹgbẹ́ díje nípa owó ìkórè títí ìdíje náà yóò fi di ìkùnsínú. Iṣẹ́ Ọlọ́run ni a ń ṣe nínú gbogbo ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n níbo ni eruku rẹ̀ ń dà sí?

Ní ọdún 2022, àwọn ará Ọ́stríà kéde pé àwọn hú àdúgbò kan tí iná jó lójijì ní nǹkan bíi ọdún 614 tàbí 615. Nínú àwọn ilé ìtajà ibẹ̀ ni wọ́n gbé rí ìkòkò tí ẹja oníyọ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, àti nǹkan bíi 600 ìgò amọ̀ kékeré tí a ń tà fún àwọn Kristẹni tí wọ́n wá ṣe àbẹ̀wò ibi mímọ́. Àwa kò dá àwọn ará ìgbà nì lẹ́jọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ra ìgò náà lè ti fi ìgbàgbọ́ rà á. Síbẹ̀ ó yẹ kí ìlú kan náà tí Démétríù ti ta ojúbọ fàdákà mú wa bi ara wa léèrè bóyá òwò lè wọ aṣọ tuntun, kí ó sì padà wá jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ àtijọ́.

Ẹ̀kẹta, àwọn tí wọ́n kó ẹrẹ̀. A kò fi èbúté Éfésù sílẹ̀ láìṣe ìtọ́jú. Ní nǹkan bíi ọdún 61, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Pọ́ọ̀lù kúrò níbẹ̀, baálẹ̀ kan tí ń jẹ́ Barea Soranus ṣe aápọn láti ṣí èbúté náà. Tacitus òpìtàn Róòmù kọ ọ́ pé aápọn náà wà lára ohun tí ó fi kún ìbínú Késárì Nero sí i. Ní ọdún 66 a dá a lẹ́bi ikú. Ní ọdún 129, àwọn ará Éfésù kọ ọpẹ́ wọn sí ara òkúta fún Késárì Hadrian, nítorí pé ó mú kí èbúté tún gba ọkọ̀, ó sì yí ipa odò Cayster padà. Bẹ́ẹ̀ ni èbúté náà fi ń gba ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, ẹrẹ̀ ti kún, kò sí àtúnṣe. Àtúnṣe ń bẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kí a sì fi í sílẹ̀. Odò kò sinmi. Ẹni tí ń kó ẹrẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ sinmi. Nígbà mìíràn, ẹni tí ó bá dìde láti kó o yóò rí ìbínú dípò ọpẹ́.

Ìfihàn orí kejì sì fi bí a ti ń kó o hàn wá. Olúwa kọ́kọ́ ní kí wọ́n rántí ibi tí wọ́n ti ṣubú. Awalẹ̀pìtàn a máa walẹ̀ títí yóò fi kan ilẹ̀ àtijọ́. Kí àwa náà wa inú ọkàn wa títí a ó fi dé ọjọ́ tí àdúrà kì í sú wa, tí ó rọrùn fún wa láti dárí ji ni. Lẹ́yìn náà Ó ní kí wọ́n ronúpìwàdà. Ìrántí láìsí ìrònúpìwàdà dà bí ẹni tí ó dúró ní òpin òpópónà, tí ó ń wí pé òkun wà níhìn-ín rí, tí kò sì mú ọkọ́ lọ́wọ́. Níkẹyìn Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ìṣáájú. Kò ní kí wọ́n dúró títí ìfẹ́ yóò fi gbóná nínú wọn. Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ lọ sí ilé ẹni tí ẹ kì í kí. Ẹ wá ọmọ tí ó sọnù nínú kíláàsì yín. Ẹ dáná sun ìwé gbèsè àtijọ́ tí ẹ ń tọ́jú nínú ọkàn sí arákùnrin yín, bí àwọn ará Éfésù ti sun ìwé oògùn wọn. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

Olúwa kò sì yára ṣí ọ̀pá fìtílà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì, Ìgnátíù bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, nígbà tí a ń mú un lọ sí ibi ikú rẹ̀ ní Róòmù, kọ̀wé sí ìjọ Éfésù, ó sì yìn wọ́n. Ní ọdún 431, àwọn bíṣọ́ọ̀bù láti ilẹ̀ púpọ̀ péjọ sí ilé ìsìn Màríà, nítòsí èbúté náà, láti dá ẹjọ́ ìgbàgbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún sùúrù ni Ọlọ́run fi fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń lọ, àwọn ènìyàn ń fi èbúté sílẹ̀, wọ́n ń lọ sí ẹ̀bá òkè tí ìlú Selçuk wà lónìí. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àlejò ń rìn lórí òkúta Éfésù, wọ́n ń wo ohun gbogbo, wọ́n sì ń lọ. Ìjọ tí ń gbé inú rẹ̀ kò sí mọ́. Ilé ìsìn tí ó wó ṣì lè fa àlejò mọ́ra, ṣùgbọ́n àwọn tí Olúwa ń wá láàárín ọ̀pá fìtílà Rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn Rẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn.

Ǹjẹ́, ẹ̀yin ará, àkókò tiwa kò tí ì kọjá. Èbúté wa ṣì ń gba ọkọ̀. Kí olúkúlùkù wa mú ọkọ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ nínú ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé ara rẹ̀, kí ó tó wo ẹrẹ̀ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀.

Olúwa, Ìwọ tí O mọ iṣẹ́ wa àti làálàá wa, wo inú ọkàn wa pẹ̀lú. Kó ohun gbogbo tí ó dí ọ̀nà Rẹ nínú wa kúrò, dá ìfẹ́ wa ìṣáájú padà fún wa, má sì ṣe jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tí O tàn sí àárín wa kú, nítorí orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.